Fíìmù Ítálì tí Mo Lọ Wò Parí ní Greenbelt

Gbogbo ẹni tó wá kí mi kú àbọ̀ ló ń bi mí pé ṣé mo dé Ilé Funfun tí ààrẹ Amẹ́ríkà ń gbé, ṣé mo rí yìnyín, ṣé mo ra fóònù bọ̀. Mi ò dé Ilé Funfun. Yìnyín ti yọ́ tán kí n tó débẹ̀. Fóònù tí mo gbé lọ náà ni mo gbé bọ̀, ojú rẹ̀ tó sán ṣì sán. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò ní àgbègbè kan tí wọ́n ń pè ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ olú-ìlú wọn. Ohun tí mo mú bọ̀ kò ṣeé pín fún àlejò bí ọṣẹ àti ìpara, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí kí ẹnu mi lè sinmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Láyíwọlá, ló mú mi lọ. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ó sì fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Tinúkẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Mọ́mì Ọ̀yọ́ ni Tinúkẹ́ ń pè mí, nítorí èmi ni mo tọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta tí ìyá rẹ̀ bí i ni ìyá náà kú. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, èmi ni mo sì pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn, tí mo rán an níléèwé títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, kí bàbá rẹ̀ tó ránṣẹ́ wá mú un lọ sí Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Tinúkẹ́ pè mí, ohùn rẹ̀ kò dáa.

"Mọ́mì Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Doctor ní heart Daddy ti weak gan-an. Daddy ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín. Orúkọ yín nìkan ló kù lẹ́nu wọn, morning, afternoon, 'Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́.' Tí mo bá ní kí n pè yín lórí video, wọ́n á máa sunkún, wọ́n á juwọ́ pé kí n pa á."

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì. I've tried everything. Mo kọ A-B-D sílẹ̀ kí wọ́n lè máa nàka sí i, wọ́n tì í dànù."

Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú. Kò sí ohun mìíràn tí mo torí rẹ̀ lọ.

Springdale

Springdale lorúkọ àdúgbò tí Tinúkẹ́ kọ́lé sí. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ lókèèrè a ti máa ń mọ ìrìn rẹ̀, ó ti kéré. Mo kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbá mi lórí mú, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́." Omi ń dà lójú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ò tíì rí ohun tí mo gbé wá fún yín, ẹ ti ń sunkún. Ẹ̀gúsí ni mo gbé wá o, mi ò gbé ẹkún wá." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ apá kan ẹnu rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Mo yára lọ sí ilé ìdáná, mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Ní ti àdúgbò náà, ilé wà, igi wà, koríko tí wọ́n gé wálẹ̀ bí orí ọmọ tó fẹ́ wọ iléèwé wà. Èèyàn ni kò sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lójú fèrèsé, mo ń ka àwọn tó ń kọjá: ọ̀kẹ́rẹ́ méje, àti ọkùnrin kan tí ajá ń fà lọ. Mo ní èmi ò lè dé ìlú onílùú kí n má kí ará ilé kejì. Mo wé gèlè, mo jáde, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó bi mí pé ṣé ilé ń jó ni. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún márùndínlógójì sọ fún un pé ilé ò jó, mo kàn wá kí i káàárọ̀ ni. Ó bọ́ fìlà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé níbẹ̀, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn òun rí tí kò ní ohun tó fẹ́ tà tàbí ẹ̀sìn tó fẹ́ wàásù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé páì tí wọ́n fi ọ̀dùnkún ṣe wá fún wa. Ó dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí eyín mi méjì tó kù lẹ́yìn máa ké.

Tinúkẹ́ bá mi jà nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. "Mọ́mì, you can't just be knocking on people's doors here!"

"Ṣé wọ́n á yìnbọn fún mi ni?"

"They might!" Kò rẹ́rìn-ín. Wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ ní ọsibítù, bó bá sì délé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ bàbá rẹ̀. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo ń fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kọ, ṣíbí kan, kí n dúró kó gbé e mì, ṣíbí kan.

Ìwé kan wà tí kì í jẹ́ kó kúrò lábẹ́ itan rẹ̀. Ìwé náà ni wọ́n fi ń polówó ilé sinimá kékeré kan ní ìlú Greenbelt, níbi tó máa ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Wọ́n fẹ́ fi gbogbo oṣù náà ṣe àfihàn fíìmù Ítálì àtijọ́, àwọn tí wọ́n fi dúdú àti funfun yà. Ó fi ìwé náà sí mi lọ́wọ́, ó fi ìka tẹ ibì kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ìgbà èwe ló ń ṣe é. Mo ní, "Mo ti rí i, a óò lọ." Kò sinmi títí Tinúkẹ́ fi gba ọjọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́.

Langley Park

Kí ọjọ́ náà tó dé, Tinúkẹ́ gbé mi lọ sí Langley Park láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá. Mo rò pé mo ti kúrò ní Amẹ́ríkà láì gba físà mìíràn. Èdè Sípéènì ni wọ́n kọ sára gbogbo ilé ìtajà, àwọn obìnrin ń gbé ọmọ kiri, èèyàn ń pe ara wọn láti òdìkejì títì, orin ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti gbọ́ ariwo kẹ́yìn.

Obìnrin kan tó wá láti El Salvador ń fi ọwọ́ pa ìyẹ̀fun àgbàdo níbẹ̀, ó ń di ẹ̀wà àti wàràkàṣì sínú rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná. Pupúsà ni wọ́n ń pè é. Ó gbé fọ́ọ̀kì fún mi, mo dá a padà, mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀, èmi náà ń fún un lésì ní Yorùbá. Tinúkẹ́ ní, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń sọ gan-an?" Mo ní, "Ó ní kí n fi kábéèjì sí i, mo ní mo ti yó." Ohun tó sì ń sọ náà nìyẹn, torí ó gbé kábéèjì náà kúrò.

Ìró èdè yẹn ló mú mi rántí. Kì í ṣe èdè Ítálì, ṣùgbọ́n ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀ bíi ti àwọn ará Ítálì, ọwọ́ sì ń tẹ̀lé e. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ títí a fi délé, Tinúkẹ́ rò pé oúnjẹ náà ò bá mi lára mu.

Aṣọ funfun ní kámpù

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ilé-iṣẹ́ Ítálì kan ń la títì lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ débi pé ó gbọ́ èdè wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ní kámpù tí wọ́n ń gbé, wọ́n á so aṣọ funfun ńlá kan mọ́ àárín ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ méjì, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé fíìmù sára rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ará abúlé náà á gbé àpótí ìjókòó wá. Fíìmù ilé wọn ni, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ogun ńlá tó fọ́ ìlú wọn. Nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ Ítálì nínú wa, ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, á máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn nínú àwọn fíìmù yẹn, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò rí irú rẹ̀. Kò sí olówó nínú wọn, àfi ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé tí ògiri rẹ̀ ti ya ni wọ́n ń gbé, wọ́n á sá aṣọ láti fèrèsé kan dé fèrèsé kejì, ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan bá gbé garawa láti lọ pọnmi, á rìn bí ẹni pé òun ló ni àdúgbò. Ìyá rẹ̀ á yọjú lókè, á bẹ̀rẹ̀ sí bú ọkùnrin tó ń wò ó. Ọkùnrin náà á bọ́ fìlà, á kí ìyá dáadáa, á sì tún máa wo ọmọ. Ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn kò ní sọ ọ́ rárá. Ìjà ni wọ́n á máa jà, lórí kẹ̀kẹ́, lórí àwo tó fọ́, lórí ta ló kọ́kọ́ wo ta ni, títí gbogbo ìlú á fi mọ̀ pé ìgbéyàwó ti dé. Ebi wà níbẹ̀, wọn kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi aṣọ ọjọ́ Àìkú bò ó. Àwa tí a jókòó sórí àpótí kò rí Òyìnbó nínú wọn. Ará ilé wa ni.

Ẹ̀gbọ́n mi tún wá fi iyọ̀ sí i. Ó ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀, ó ń fi ohùn àlùfáà sọ̀rọ̀, ó fún gbogbo wọn ní orúkọ Yorùbá. Èèyàn ń rìn láti abúlé mẹ́rin wá gbọ́ ọ. Èmi náà á jókòó níwájú, Tinúkẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún á wà lẹ́yìn mi, orí mi á wú pé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà ní kámpù náà tó ń jẹ́ Gbóyèga, òun ló ń lẹ táyà ọkọ̀ wọn. Ó fẹ́ràn mi, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kó lọ sí Kàdúná, ó ní kí n bá òun lọ, òun á wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn ará ilé wa. Mo ti gbà nínú mi, ẹnu mi ni kò tíì sọ ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: gbogbo Sátidé ló máa ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì ní padà títí di ọjọ́ Ajé.

Ní Sátidé kan báyìí, Òyìnbó tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fíìmù wà ní ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Fíìmù ọjọ́ náà dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́ ẹ, ọlọ́lọ̀ kan tó ń lọ ìyẹ̀fun tà, tó lówó tó sì ti dàgbà, náà fẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọlọ́lọ̀. Nígbà tí wọ́n rí oníkẹ̀kẹ́ tó ń fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ́bà, gbogbo èèyàn yíjú wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Ó wá di ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú ọlọ́lọ̀. Aago ń lù, ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró. Aṣọ funfun náà sì ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n mi ní róòlù fíìmù tó kẹ́yìn ti jóná, ṣùgbọ́n òun mọ bó ṣe parí. Ó ní ọmọbìnrin náà fẹ́ sá tọ oníkẹ̀kẹ́ lọ, ló bá gbọ́ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì ní ìlú kejì, níbi tó máa ń lọ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó sunkún, ó padà sílé, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀. Àwọn obìnrin pòṣé. Wọ́n ní, "Ọkùnrin!" Èmi dìde, mo pọ̀n Tinúkẹ́ lọ sílé.

Gbóyèga dé ní ọjọ́ Ajé, mi ò yọjú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun, mo kàn ní kí wọ́n sọ fún un pé mi ò sí nílé. Wọ́n kó lọ sí Kàdúná. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan sọ fún mi pé ìyá Gbóyèga fọ́jú, òun ni Gbóyèga máa ń lọ fọṣọ fún, tó sì ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Kò ní ìyàwó kankan.

Mo fẹ́ Bàbá Dúpẹ́ nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, olùkọ́ bíi tèmi, èèyàn dáadáa, mo sì sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn nígbà tó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ni mo ti ń pe ara mi ní òmùgọ̀. Mo ní èmi tí mo gbọ́n fún ọmọ ọlọ́mọ, mo wo fíìmù, mo dá ẹni ẹlẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ̀bi ara mi ni mo ń dá fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún.

Greenbelt

Greenbelt yàtọ̀ sí Springdale. Ìjọba wọn ló kọ́ ọ nígbà tí nǹkan le fún Amẹ́ríkà, ilé kéékèèké tó fara ti ara wọn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba abẹ́ igi kọjá. Èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, wọ́n sì ń kí wa. Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá náà jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ẹ̀gbọ́n mi, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó ní ibi ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Ó kó gúgúrú fún wa. Bọ́tà ni wọ́n dà lé e. Mo wá ẹ̀pà títí, kò sí.

Iná kú. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èéfín omi gbígbóná, àti ọmọbìnrin kan tó ń lọ aṣọ.

Mo di apá Tinúkẹ́ mú. Ó ní, "Mọ́mì, are you okay?" Wọ́n kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, mo ń kà á, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn ju tiwọn lọ. Ibi tí ìyá ti ń bú oníkẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ìyá náà sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìdílé oníkẹ̀kẹ́ bú u dé orí baba ńlá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Mo gbàgbé pé mo ti darúgbó.

Ó wá di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aago ń lù, ọmọbìnrin náà dúró. Mo gbé báàgì mi, torí ibi tí fíìmù náà parí sí fún mi nìyẹn.

Kò parí. Ó bọ́ bàtà, ó kó o lọ́wọ́, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá rẹ̀ ń ké, àlùfáà ń ké, ọlọ́lọ̀ jókòó sílẹ̀, ó nu iwájú orí. Oníkẹ̀kẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ fi ìlú sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fi bàtà lù ú léjìká, kó tó wá dì mọ́ ọn. Kò sí ìyàwó. Kò sí ọmọ méjì. Kò sí ìlú kejì nínú fíìmù náà rárá. Gbogbo ilé sinimá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò wo fíìmù. Èmi ló ń wò, ó sì dá mi lójú pé èmi ló ti ń wò láti ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn ti bọ́ bàtà. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́."

Ohun tó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn. Kò lẹ́nu láti sọ ọ́ mọ́, ló ṣe ní kí n wá wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta

Nígbà tí a délé, Tinúkẹ́ wọ ilé ìdáná lọ. Mo ti ìlẹ̀kùn dé díẹ̀, mo jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní, "Ṣé róòlù yẹn jóná?" Ó mi orí pé rárá.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Gbóyèga ò níyàwó?" Ó gbà pé òun mọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń lọ tọ́jú." Ó mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án sí ilé ìdáná. Tinúkẹ́ dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ ife bàbá rẹ̀, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sí ara rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ọmọ tí mo pọ̀n. Ọmọ oṣù márùn-ún péré ni nígbà tí Gbóyèga fẹ́ mú mi lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá wa ti kú, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tí kò tíì wẹ̀ fún ọmọ ìkókó rí. Bí mo bá lọ sí Kàdúná, ta ni ì bá gbà á?

Ó yé mi. Èyí gan-an ló bí mi nínú jù, pé ó yé mi. Bó bá jẹ́ ìkà ló ṣe é, ǹ bá pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti sọ pé, Àbẹ̀kẹ́, má lọ, dúró ti ọmọ yìí fún mi, bóyá ǹ bá dúró. Kò bẹ̀ mí. Ó mú mi bí ẹni mú ẹran, ó sì jẹ́ kí n máa dá ara mi lẹ́bi títí orí mi fi funfun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mò ń wẹ̀ fún un, mò ń fún un lẹ́kọ, mò ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹnu mi pa mọ́. Bó bá pe orúkọ mi, mi ò jẹ́ ẹ. Kò gbìyànjú láti sọ ohun mìíràn. Ó kàn ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú ojú káàkiri iyàrá.

Tinúkẹ́ bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Daddy ti sọ ọ́?"

"Wọ́n ti sọ ọ́."

"Oh, thank God. Kí ni wọ́n sọ?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé wa ni, kò bi mí mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin mo ní, "Ẹ ya ẹnu, ẹ jẹun." Ọ̀rọ̀ bí irú èyí ni mo ń bá a sọ títí ọjọ́ ìrìn-àjò mi fi pé. Lọ́jọ́ náà mo kúnlẹ̀ kí ó lè súre fún mi, bí a ṣe máa ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò lè súre. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, mo mọ ohun tó ń dúró dè lẹ́nu mi, mo sì wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn mi, mi ò rí i. Mo ní, "Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Mo dìde, mo jáde.

Ọ̀yọ́

Mo ti lo ọjọ́ mọ́kànlá nílé nígbà tí ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù wá kí mi. Ó bi mí pé ta ni mo lọ bá ní Amẹ́ríkà. Mo ní, "Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ni." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láì ronú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń pe Dúpẹ́, ọmọ tí mo fi inú ara mi bí. Lẹ́yìn tí àlejò náà lọ, mo jókòó sórí àga, mo ń wá ìbínú tí mo gbé ti Maryland bọ̀, kò sí níbi tí mo gbé e sí. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, kò lọ, mi ò rò pé yóò lọ láéláé. Ìbínú ni kò sí mọ́.

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, la máa ń pè wọ́n láti ìgbà tí fóònù ti dé. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà sílẹ̀ di ọjọ́ náà, kí Tinúkẹ́ lè wà nílé, kó lè gbé fóònù sí etí ọ̀tún tí bàbá rẹ̀ fi ń gbọ́ràn dáadáa. Mo tún ọ̀rọ̀ náà tò lọ́kàn mi bí ẹni tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níwájú ìjọ.

Tinúkẹ́ ló kọ́kọ́ pè ní ọjọ́ Àìkú. Mo mọ̀ kó tó sọ ọ́.

"Mọ́mì, Daddy ti lọ. Ìdájí òní ni. Mo wọlé láti yí wọn padà, they were already cold."

A jọ sunkún títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Daddy fẹ́ sọ fún yín yẹn? Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́ after you left."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo lè purọ́. Mo ti ya ẹnu láti sọ pé ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo rántí pé èmi náà ti gba irú rẹ̀ gbọ́ rí, mo sì mọ ohun tó ṣe fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Gbóyèga, Ògbómọ̀ṣọ́, róòlù tí kò jóná, àti ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ nà sí i níbi tó ti ń fọ ife.

Ó ní, "So it was because of me."

"Nítorí rẹ ni."

"Ká ní wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wò ó parí ńkọ́?"

"Ǹ bá lọ. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ǹ bá lọ sí Kàdúná, ǹ bá sì bí ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko gbé ayé yẹn àti ayé yìí sórí ìwọ̀n, Tinúkẹ́, mi ò rí ayé tí mo fẹ́ tí ìwọ ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ mi ni ẹ́. Mo ti dárí jì wọ́n. Ó dùn mí, àmọ́ mo ti dárí jì wọ́n."

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ sọ èyí fún Daddy?"

Mo ní, "Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́."